Aró Ara Irin

Ọdún tí mo pé mọ́kànlá ni mo ba ìbọn Bàbá Àgbà jẹ́,
n kò sì yìn ín.
Ewé eépín ni mo fi bà á jẹ́,
ewé eépín àti eérú ààrò ìyá mi,
lẹ́yìnkùlé wa l'Ógìdì, lórí àpáta tí a ń sá kọfí sí,
ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan tí ètè gbogbo wa ń là.

Wọ́n ní àlejò ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja,
ọkùnrin kan tí ń fi owó gidi ra irin àtijọ́.
Mo ní kí n bá bàbá mi tún ọjà ṣe.
Mo fọ̀ ọ́ bí ẹní fọ ìkòkò ọbẹ̀ tó jóná,
mo fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun bí eyín.

Ìbọn ìléwọ́ ni, olójú mẹ́fà.
Ajẹ́lẹ̀ kan ní Kàbbà ló fi sílẹ̀ fún Bàbá Àgbà
tó ń se oúnjẹ fún un.
Ọlọ́pàá ti rẹ́ ẹnu òòlù rẹ̀ kí n tó dáyé;
kò lè pa eṣinṣin mọ́.
Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀,
á là sí méjì láàrin bí obì,
ìràwọ̀ irin kékeré kan á yọ sókè nínú àgbá,
á tú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà,
bí ìyá tó lé àwọn ọmọ síta kó lè ráyè gbálẹ̀.
Mo máa ń ṣí i, mo máa ń pa á dé, nítorí ìró rẹ̀ nìkan:
kẹ́ṣẹ́.
Kò sí ilẹ̀kùn kan ní gbogbo Ìjùmú tó ń pa dé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́mírìn dé ní ọ̀sán.
Ó kí wa ní "Òkun o", ó jókòó, ó mu omi,
ó fa gíláàsì kan yọ, irú èyí tí oníṣẹ́ aago ń fi sójú.
Bàbá mi, Ayédọgbọ́n, tú aṣọ tí a fi wé e.
Ọkùnrin náà gbé e sún mọ́ ojú. Ó gbé e jìnnà.
Ó wá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń béèrè òkú:
"Aró rẹ̀ ńkọ́?"

Aró wo?
Ó ní nígbà tí wọ́n ṣe irin yìí, iná ni wọ́n fi rẹ ẹ́ láró,
dúdú tó ń ṣẹ́ búlúù lóòrùn,
bí aṣọ tí ìyá àgbà yín rì lẹ́ẹ̀meje.
Ó ní ibi tí aró bá ti ṣí, ọwọ́ ènìyàn ló ṣí i;
ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó gbé e, àti àpò tó sùn sí.
Ẹnu rẹ̀ onígun mẹ́jọ, ó yẹ kí etí igun náà mú.
Mo ti fọ̀ ọ́ di róbótó.
Nọ́ńbà kan wà lára egungun rẹ̀,
ó yẹ kí òun náà wà lára àgbá, bí ilà ojú ọmọ ìyá.
Ọ̀kan ti parẹ́. Ta ló máa jẹ́rìí pé ìyá kan ló bí wọn?
Òrùka ìdí rẹ̀, ibi tí wọ́n ń so okùn mọ́
kó má bàa já bọ́ lórí ẹṣin,
ìyẹn ṣì wà. Ó fi ìka yí i. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Owó kékeré ló fi lọ̀ wá. Bàbá mi kọ̀.

Mi ò mọ ohun tí mo ń retí, pàṣán tàbí èpè.
Bàbá mi kọ ìdí igi rẹ̀ sí mi,
ibi kan ṣoṣo tí ewé eépín kò dé, torí ó ti rẹ̀ mí.
Wọ́n fín igi náà wẹ́wẹ́ bí ara ọ̀pẹ̀ òyìnbó,
àfi ojú kan tó dán, tó jìn bí ojú ọlọ.
"Àtàǹpàkò bàbá mi nìyẹn," ó ní. "Fi tìẹ síbẹ̀."
Mo fi síbẹ̀. Àyè ṣẹ́ kù.

Ó ti lé ní ogójì ọdún.
Bí ọyẹ́ bá dé, mo máa ń gbé e síta sórí àpáta.
Ìpẹtà pupa díẹ̀ ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòlù.
Lánàá, ọmọbìnrin mi kékeré ní kí òun bá mi nù ún.
Mo gba ewé lọ́wọ́ rẹ̀,
mo ní kó mú àtàǹpàkò wá.